Ẹ Gbé Ẹ̀kọ́ Tíátà Sọ̀kalẹ̀ Wá sí Pópó Yemọja

Ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin Májòtú ní kí wọ́n pe àlejò òun wá wòran ní ààfin Ọ̀yọ́ Ilé. Àlejò náà ni Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó gba Àgbádárìgì wọlé, tí òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, sì ti wà nílùú láti oṣù kìn-ín-ní. Clapperton kú ní Sókótó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnàjò rẹ̀ jáde ní 1829, ohun tó rí lọ́jọ́ eré yẹn sì wà nínú rẹ̀ kedere.

Àpò ni àwọn òṣèré fi bora nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde. Àpò náà bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí ojú tí wọn ìbá fi ṣẹ́jú sí èrò, kò sí ẹnu tí wọn ìbá fi sọ̀rọ̀, ọwọ́ pàápàá kò ráyè nà. Síbẹ̀ wọ́n ń jó, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń tàkìtì. Lẹ́yìn ìyẹn ni erè kan yọrí látinú àpò. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ́ jáde títí ó fi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá, ó ń lanu, ó ń lé àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ bí ẹni pé yóò bù wọ́n jẹ. Nígbà tí olórí òṣèré fi idà ṣá a, erè náà lọ́ra, ó yíràá, ìrora hàn lára rẹ̀ kedere títí wọ́n fi gbé e léjìká lọ. Aṣọ ni erè yẹn. Èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ̀rora.

Eré kẹta ló dùn mọ́ èrò jù. Àpò kan ń jábọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: orí funfun yọ, ọrùn funfun tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo ara. Òyìnbó ni. Ó rù kan egungun, òtútù ń mú un, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà símú, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Èrò yíjú sí Clapperton, wọ́n ní kó wo bí eré náà ṣe dára tó. Òun náà gbà pé òṣèré náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Láàrin eré kan sí òmíràn, àwọn olorì ń dárin, èrò ń gbè é. Ṣùgbọ́n nínú eré gan-an, ara ló sọ ohun gbogbo. Ẹni tó ṣe òyìnbó yẹn ti fara balẹ̀ wo ìrìn òyìnbó, ó ti wo ohun tí òtútù ń sọ èjìká dà, ó ti gbé e wọ ara rẹ̀ pátápátá, ó sì fi í han ẹni tó ni ìrìn náà lójú ọba. Mi ò mọ ìdánwò tíátà tó le ju ìyẹn lọ.

Ní yunifásítì wa lónìí, physical theatre ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Bí àwọn òṣèré bá jókòó jọ ṣẹ̀dá eré láìsí ìwé eré lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, devising ni wọ́n ń pe ìyẹn náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka Jacques Lecoq tó dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Paris ní 1956, wọ́n ń ka Jerzy Grotowski tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Opole, ilẹ̀ Poland, ní 1959. Ó dára kí wọ́n kà wọ́n. Àgbà òṣìṣẹ́ ni àwọn méjèèjì, ẹni tó bá sì fi ìlànà wọn kọ́ ara yóò rí èrè níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ìwé wọn tán ní Ìbàdàn, kó gboyè, kó máà tíì dúró níwájú onílù bàtá kan rí kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́ mi.”

Nǹkan tí ẹ̀ ń rí lórí ìtàgé nìyẹn. Mo ti wo eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ kò kọjá ẹnu. Ọba jókòó, ó sọ̀rọ̀. Ìjòyè dúró, ó fèsì. Bí a bá pa iná tí a kàn ń gbọ́ wọn, kò sí ohun tí yóò sọnù. Àwọn ọmọ náà ní ẹ̀bùn, ohùn wọn dùn, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ wọn sórí. Ọrùn wọn sísàlẹ̀ ni kò sí ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ lé lórí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kò jìn. Láti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó bá wọ mọ́tò gba Sángo àti Mọ́kọ́lá kọjá yóò dé Bẹẹrẹ, yóò sì máa wo gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni Ọjà’ba, Bẹyẹrunkà àti Pópó Yemọja wà, àárín Ìbàdàn àtijọ́ gan-an. Ìtàn àwọn àdúgbò yìí kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn àwọn tó ṣeré níwájú Clapperton. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní 1829. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, ìhà gúúsù ni ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ gbà, Ìbàdàn sì gba púpọ̀ nínú wọn. Wọn kò wá lọ́wọ́ òfo. Onílù wá pẹ̀lú ìlù, agbẹ́gi wá pẹ̀lú ààké, ọlọ́jẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ eégún, olórìṣà gbé òrìṣà rẹ̀ rù. Orúkọ òrìṣà ni Pópó Yemọja ń jẹ́ títí di òní, ilé Yemọja wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti fi ọ̀nà yìí hàn wá tipẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Ìbàdàn ní 1969 dá lórí eré Alárìnjó, bó ṣe ti ààfin Ọ̀yọ́ jáde, tó di ẹgbẹ́ tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ìlànà eré wọn pẹ̀lú: ìjúbà ṣáájú, ijó tẹ̀ lé e, eré àti idán, lẹ́yìn náà àṣekágbá. Hubert Ògúnńdé, ọ̀gá òṣèré, gba inú ìlànà yìí kọjá pẹ̀lú orin ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo àgbà ṣì ń rántí. Ohun tí Adédèjì kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń bi akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò. Wọ́n ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé, wọ́n sì ń gba máàkì.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu ni ìgbà Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ilé-ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Geoffrey Axworthy ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, owó àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ló gbé e dìde. Wọ́n pe Ògúnmọ́lá wá gbé láàrin wọn fún oṣù bíi mélòó kan. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1925 ni, olùkọ́ ni kó tó di òṣèré, kò ka ẹ̀kọ́ yunifásítì. Èso ìbágbé yẹn ni Ọ̀mùtí, eré tí wọ́n fà yọ látinú ìwé Amos Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, tó ti jáde ní 1952. Ní 1963 ni wọ́n gbé e sórí ìtàgé ní Arts Theatre, Demas Nwoko ló sì ṣe àwòrán ìtàgé àti aṣọ rẹ̀. Ní 1969, eré yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Algiers níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà.

Ẹni tó bá ti ka Tutùọlá yóò mọ ìdí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń dẹ́rù ba olùdarí eré. Ẹ rántí arẹwà ọkùnrin tí ọmọbìnrin kan rí lọ́jà tó tẹ̀ lé. Ẹ̀yà ara tó yá ni gbogbo ẹwà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ igbó lọ, ó ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n: ó dá ẹsẹ̀ òsì padà, ó dá ọ̀tún padà, ó ń fi ikùn wọ́ nílẹ̀, ó dá apá padà, ó dá ọrùn padà, títí ó fi ku agbárí lásán. Báwo ni èèyàn ẹlẹ́ran ara ṣe máa ṣe ìyẹn? Kò sí iná àwòṣífìlà tó lè bá a ṣe é. Òṣèré náà ní láti mọ bí ara ṣe ń dúró bí ẹsẹ̀ òsì kò bá sí mọ́, ibi tí ìwúwo ń bọ́ sí, ohun tí èjìká ń ṣe láti gba ìbàdí là. Lẹ́yìn náà kó tún mọ bó ṣe ń rí bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá lọ. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni màá fi bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìrìn ọkùnrin yẹn, ẹ̀yà kan lójúmọ́, láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ̀wé nípa Ògúnmọ́lá ló yìn ín fún bó ṣe mọ ara lò. Ó wá kọ́ ìmọ́lẹ̀ ìtàgé àti ètò gbọ̀ngàn ní yunifásítì, ó sì fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ohun tí kò sí nínú ìwé wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ronú kan ètò náà. Síbẹ̀ òun ni wọ́n ní kó gòkè wá kẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí ẹnìkan ti ronú nígbà náà pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá irú rẹ̀ níbi tó ń gbé.

Ní ti eré tí kò ní ìwé, ẹ̀rí tó dára jù tí a ní ni ti ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí adájọ́ nínú Kóòtù Aṣípa lórí tẹlifíṣọ̀n. Karin Barber, òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà náà, bá ẹgbẹ́ yìí rìn, ó bá wọn ṣeré, ó sì wo bí eré ṣe ń di eré. Ọ̀gá á kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ, á sọ ìtàn náà fún wọn. Á pín ipa: ìwọ ni bàbá, ìwọ ni ìyálé, ìwọ ni ọ̀rẹ́ tó máa dalẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní ipa ló máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, látinú òwe tó mọ̀, látinú ìjà àdúgbò tó ti gbọ́, látinú ìwàásù tàbí ìpolówó ọjà. Ọ̀gá á gbọ́ ọ, á ní ìyẹn dára, á ní ìyẹn kò bá ìyálé mu, tún un sọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ìlú dé ìlú ni eré náà ń dàgbà. Ibi tí èrò bá ti gbà á, wọ́n á fẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá sú èrò, kò ní dé ìlú kejì.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé oníkálukú ń ṣe bó ṣe wù ú. Irọ́ ni. Olúkúlùkù mọ ibi tí ìran gbọ́dọ̀ já sí, ó mọ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkejì ń dúró gbọ́ kó tó wọlé, ó mọ̀ pé bí òun bá fi ẹ̀fẹ̀ gùn ún jù, òun yóò da iṣẹ́ ẹlòmíràn rú. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n ní òmìnira lé lórí, egungun ìtàn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti rí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní egungun yẹn. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ “ṣẹ̀dá nǹkan”, àwọn ọmọ á sì pariwo, wọ́n á yíra nílẹ̀, wọ́n á gbá ara wọn mú, wọ́n á ní eré ti jáde. Kò tíì jáde. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ìtàn náà mú.

Ara Adéjọbí fúnra rẹ̀ tún kọ́ni ní nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dá ṣáṣá, ọ̀pá ló fi ń rìn, bẹ́ẹ̀ ló ń gba gbogbo ìtàgé nígbà tó bá wọlé. Ẹ̀kọ́ ara kò wà fún àwọn tó lè tàkìtì nìkan. Ọ̀kan nínú eré ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ni Kúyẹ̀, láti inú ìwé J. F. Ọdúnjọ, tí akọni rẹ̀ jẹ́ odi, adití. Ẹ fojú inú wo òṣèré tí ẹnu kò ṣiṣẹ́ fún níwájú èrò tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn bí àwa Yorùbá ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí àwọn ẹ̀ka tíátà tó yí wa ká kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá sí Pópó Yemọja fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́, kì í ṣe ìrìn-àjò ìgbafẹ́ ọ̀sán kan tí wọ́n á ya fọ́tò tí wọ́n á lọ.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ onílù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ bàtà, kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó tẹ àyà síwájú, kó dúró. Omele á kọ́kọ́ máa dún, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ tíì mira. Nígbà tí ìyáàlù bá wọlé, èjìká ni kó dá a lóhùn, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì ta. Onílù á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́ lójijì, ara akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dákẹ́ níbi tí ìlù dákẹ́ sí, kó máà fi ìṣísẹ̀ kan kọjá a. Ẹ óò rí i pé púpọ̀ ni yóò kọjá a. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà bá dákẹ́ pẹ̀lú ìlù, tí èèmí rẹ̀ náà dúró, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yóò mọ̀. Bàtá kò ní ìyọ́nú fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn.

Kí wọ́n wá lọ wo àwọn ìyá tó ń jó fún Yemọja, bí àwọn ìyá náà bá gbà. Ijó tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Bàtá ń gé, tiwọn ń ṣàn bí omi odò: ìbàdí ló ń darí, ẹsẹ̀ kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní wàrà-n-wérè, àgbàlagbà obìnrin á sì jó wákàtí tí ọ̀dọ́ á ti jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ara rẹ̀ gba ijó méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà yóò mọ̀ pé èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè gbé inú òun.

Lẹ́yìn náà ni ìgboro. Kí wọ́n lọ dúró ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà’ba láàárọ̀, kí kálukú mú èèyàn kan wò: alábàárù tó fi ọrùn wá ọ̀nà láàrin mọ́tò, ọmọ tó ń kiri omi, ìyá tó ń ka owó lábẹ́ tábìlì tí ojú rẹ̀ ń wo oníbàárà, awakọ̀ Micra tó na apá jáde láti bá ẹnìkejì rẹ̀ jà láìbọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n padà sínú agbo ilé ní ọ̀sán, kí wọ́n gbé ìrìn náà kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kí àwọn ará ilé dárúkọ irú èèyàn tí wọ́n ṣe. Bí ọmọdé agboolé kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n padà lọ wò ó lọ́la. Ibẹ̀ ni ìtàn yóò ti yọ, nítorí alábàárù yóò pàdé ìyá olówó, awakọ̀ yóò sì kọlu ẹrù. Ìlú tó ń ṣọdún Òkè’Bàdàn, tí tọmọdé tàgbà ń ṣẹ̀dá orin èébú lójú títì tí ẹnikẹ́ni kì í bínú, kò lè ṣàìní ẹni tí yóò bá wọn fi kún un.

Ní ìparí 1972 sí 1973, Peter Brook, olùdarí eré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn òṣèré la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n dé. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ní gbàgede ìlú, wọ́n á gbé bàtà méjì sí àárín rẹ̀, wọ́n á sì máa fi bàtà yẹn ṣẹ̀dá eré lójú èrò. Wọ́n rin ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ láti wá irú òǹwòran tí àwọn ọmọ wa ní lẹ́yìn ilé, tí wọ́n sì tún gbọ́ èdè rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò sọ pé ọmọ àwọn kò ní lọ sílé òrìṣà, ọmọ ìjọ ni, ọmọ mọ́ṣáláṣí ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ ní ohun tí à ń fi ẹ̀rín gbá lọ. Àwọn àgbà àdúgbò fúnra wọn mọ ohun tó jẹ́ awo àti ohun tó jẹ́ eré. Eégún aláré ń ṣeré fún tọkùnrin tobìnrin, ó sì ń gba owó ìran. Èyí tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí, wọn kò ní í pe akẹ́kọ̀ọ́ sí i. Kí olùkọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú, kó wá jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ kó ṣàlàyé, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á dúró sọ́dọ̀ onílù àti ìgboro. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kò sì gbọdọ̀ di òǹwòran ní ẹ̀yìn nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ Yemọja, àwọn obìnrin ló ń ṣíwájú.

Àwọn olùkọ́ yóò ní ìwé eré ni àwọn fi ń fún ọmọ ní máàkì. Karin Barber àti Báyọ̀ Ògúndíjọ ti dá wọn lóhùn: ní 1994, wọ́n tẹ mẹ́ta jáde nínú eré ẹgbẹ́ Adéjọbí, láti inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré náà gan-an. Eré kọ́kọ́ wà, ìwé tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Èyí tó kù ni owó, òun ni mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú. Onílù tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gba owó mọ́tò àti ìgò ọtí kan. Olùkọ́ ni, kí wọ́n san owó olùkọ́ àlejò fún un, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ètò eré ní ipò kan náà pẹ̀lú orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n sì gba èrò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín máàkì, torí òun ló mọ ọmọ tó dákẹ́ pẹ̀lú ìlù àti èyí tí kò dákẹ́. Kí eré tí wọ́n bá jọ ṣe sì kọ́kọ́ wáyé ní Pópó Yemọja, ní ìrọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kó tó gòkè lọ sí gbọ̀ngàn èyíkéyìí. Àwọn ará àdúgbò kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tó dè wọ́n mọ́lẹ̀. Bí eré kò bá dára, wọ́n á dìde lọ síbi tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀.